Òwú Pupa Inú Ọkọ̀ Àbúrò Mi

Ọkùnrin tó fẹ́ ta ọkọ̀ fún wa kò kí mi bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà. Ó rí mi, ó dìde lórí àpótí tó jókòó sí, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, bàbá. Ẹ kú àmúmọ́ra."

Mo wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹlòmíràn ló ń kí. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ ju àbúrò mi lọ, òun náà sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ jáde. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú la máa ń kí bẹ́ẹ̀, a kì í fi í ṣe àwàdà.

"Ọ̀rẹ́ mi," mo ní, "kò sẹ́ni tó kú nílé wa."

Ó wo ojú mi pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo àbúrò mi láti orí dé ẹsẹ̀, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹnu ló ṣì mí."

Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ká ní mo ní làákàyè ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti fa àbúrò mi lọ́wọ́ kí a máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Ìjókòó ọkọ̀ ni mò ń rán. Bí awọ rẹ̀ bá ya, tí fóòmù rẹ̀ bá rì, tí irin bá ń gún yín nídìí bí ẹ bá ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi lẹ ó gbà wá. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá wa ló kọ́ mi, n kò sì ní í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ẹ̀tàn fún yín: ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tó mọ awọ rán tó mi. Àwọn ọ̀tá mi gan-an máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá rò pé n kò gbọ́. Àbúrò mi náà kọ́ iṣẹ́ yìí fún ọdún méjì kó tó sá lọ sílé ìwé. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, bàbá wa a sì máa pariwo mọ́ ọn pé ìránsọ rẹ̀ ń ṣubú bí ẹni tó mutí yó. Ó di olùkọ́, gbogbo wa wá ń pè é ní Tíṣà, títí kan ìyá tó bí i.

Tíṣà ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá Àgbà ni mo sọ ọ́, nítorí pé bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni bóyá mo sun oorun dáadáa, bóyá ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí. Òun náà ní kò sóhun tí òun máa pè mí ju Bàbá Alábẹ́rẹ́ lọ. Kíndìnrín ọmọ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní láti gbé e lọ sí ọsíbítù ńlá tó wà ní òdìkejì odò, kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n ń wọ̀ lálọ, méjì lábọ̀, ọmọ náà á máa bì, àwọn èrò á máa sún kúrò lára wọn. Ní oṣù yẹn, bọ́ọ̀sì kan dákú sórí afárá. Kí wọ́n tó dé ọsíbítù, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ méjì ni ojú ọmọ náà fi wú, tí kò lè là á. Dókítà wá sọ fún Tíṣà lójúkojú pé bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kó má sọ pé òun dókítà ò kìlọ̀.

Nítorí ọmọ yìí ni ọkọ̀ ṣe di dandan. Owó olùkọ́ ò sì lè ra ọkọ̀ tó dáa, ìyẹn la ṣe dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin oní-fìlà yìí. Owó ọkọ̀ tó ń tà kéré débi pé ó ń tini lójú láti ná an.

Kò fi pamọ́ fún wa pé omi ti wọ̀ ọ́. "Èmi kì í ta ọkọ̀," ó ní. "Mo máa ń fà wọ́n jáde ni, tí wọ́n bá já sómi. Ẹ̀gbọ́n ẹni tó ni ín ló ní kí n gbé e lọ, kí n tà á ní iyekíye tí mo bá rí. Ó ní òun ò fẹ́ fojú kàn án mọ́ láyé."

"Ẹni tó ni ín gan-an ńkọ́?" mo bi í.

Bàtà rẹ̀ ló ń wò. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wò."

Tíṣà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń fọwọ́ pa ewúrẹ́ tó fẹ́ rà lára. "Ẹ̀gbọ́n, omi lásán ni," ó ní. "Omi a máa gbẹ."

Mo ṣílẹ̀kùn. Ọkọ̀ tí omi bá ti wọ̀ rí ní òórùn tirẹ̀, òórùn aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú báàfù. Èyí kò rùn bẹ́ẹ̀. Òórùn odò ló ń jáde níbẹ̀, tútù, bíi pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fà á jáde, bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì rọ̀ lọ́dún yẹn. Ẹrẹ̀ ti bo ara rẹ̀ débi pé n kò mọ àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀. Mo fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn jáde títí tó fi parí. Àwọn tó ń fọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tà kì í rántí ibẹ̀. Wọ́n á fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fín lọ́fíńdà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fa bẹ́líìtì dé ìdí, ẹ ó rí ibi tí omi kún dé. Ìlà ẹrẹ̀ tó wà lára eléyìí ga ju ibi orí èèyàn lọ. Mo fún bẹ́líìtì náà bí ẹni ń fún aṣọ, omi sì kán sí mi lọ́rùn ọwọ́.

Mo mú ọ̀bẹ iṣẹ́ mi, mo ṣí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kí n lè rí irin rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti rí nǹkan.

Bàbá wa ní kókó kan tó máa ń fi parí ìránsọ. Á ta mẹ́ta léra wọn, á wá fi òwú gba abẹ́ ti àárín jáde. Òun àti èmi nìkan la mọ̀ ọ́n ta. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí òun ti kú. Kókó náà ló wà lábẹ́ ìjókòó yẹn, ó tò tẹ̀léra lójú ìránsọ tó dúró ṣánṣán, bí èmi ṣe máa ń tò ó gẹ́lẹ́.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé mo ti tún ọkọ̀ yìí ṣe rí ni, mo ti gbàgbé. Mo wá ki ọwọ́ bọ inú láti wá àmì mi. Tí ìjókòó bá pọ̀ nílẹ̀, mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ orúkọ oníbàárà àti àyè ìjókòó sórí àjákù aṣọ funfun, màá rán an mọ́ inú kí iṣẹ́ ẹnì kan má baà lọ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Omi kì í pa pẹ́ńsù rẹ́. Ọwọ́ mi bà á. Mo fà á síta, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò.

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Ó kà báyìí: *Ti Tíṣà. Ẹ̀yìn, ọwọ́ ò.* Ibẹ̀ ló dúró. Níbi tó yẹ kí ìyókù "òsì" wà, ihò kékeré kan ló wà lára aṣọ náà, bíi pé pẹ́ńsù ṣẹ́ mọ́ ọn.

Mo jókòó sílẹ̀, nínú eruku. Etí mi ń hó. Mo gbọ́ tí Tíṣà ń bi ọkùnrin náà nípa ẹnjíìnì, ohùn rẹ̀ sì dà bíi pé ó ń ti ilé kejì wá. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, mo rí ara ìjókòó náà lókè, ohun tí ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí n tètè rí. Ẹnì kan ti fi abẹ ya á láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dé àárín. Ó ya lọ tààrà, nígbà tó dé ibi irin, ó yí bìrí bí ìwọ̀ ẹja. Wọ́n ti rán an padà, òwú pupa ni wọ́n fi rán an, ìránsọ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rán, gbogbo rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn kì í ṣe ọwọ́ mi. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀: ta ló máa fi abẹ ya irú ìjókòó báyìí, kó tún wá rán an?

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?" Tíṣà ti dúró lórí mi.

Ó yẹ kí n fi àjákù aṣọ náà hàn án. Mo ká a mọ́wọ́ dípò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni, ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń bẹ̀rù ológbò dúdú, n kò sì fẹ́ kó rẹ́rìn-ín sí mi lójú àlejò. Mo ní, "Wáyà rẹ̀ ti jẹrà tán. Tó o bá rà á, ọdọọdún lo ó máa bọ́ mẹkáníìkì."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì débi pé àánú ṣe mí. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ò lè tún wọ bọ́ọ̀sì o."

"Mo mọ̀. Màá bá ọ wá òmíràn kí oṣù tó parí, èyí tó gbẹ."

Ó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọkùnrin oní-fìlà sún mọ́ mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ ò rántí mi ni?"

"Níbo la ti pàdé?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù yín. Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lọ́jọ́ náà."

"N kò rí ọ rí láyé mi," mo ní. Òótọ́ sì ni mo sọ. Ó mi orí díẹ̀, ó padà lọ jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó dojú kọ ògiri.

Nígbà tí mo délé, mo sun àjákù aṣọ náà. Ìkìlọ̀ ni mo kà á sí. Mo ní ẹni tó ń ṣọ́ wa ló fi hàn mí kí a má ra ọkọ̀ olómi, a ò sì rà á, ó ti tán nìyẹn. Mo dúpẹ́ títí, mo tún ń fi inú mi yangàn pé ojú mi ló gba ọmọ yẹn là.

Ìlérí tí mo ṣe ò jẹ́ kí n sùn. Lọ́sẹ̀ kejì mo rí ọkọ̀ kan lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè wakọ̀ mọ́, ó sì gbọ́ pé nítorí ọmọ aláìsàn ni, ló bá ní iye tó bá wà lọ́wọ́ wa ni kí a mú wá. Irú ọkọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti oní-fìlà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ló kún ìgboro, n kò ka ìyẹn sí. Abẹ́ òrùlé ló ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Mo fa bẹ́líìtì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ìdí: ó funfun, ó gbẹ. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, eruku ló wà níbẹ̀. Mo na imú mọ́ gbogbo ibi tí imú lè dé. Mẹkáníìkì wa gbọ́ ẹnjíìnì rẹ̀, ó ní àwọn kan ń fi kádàrá ra ọkọ̀. Omi ni mò ń wá nínú ọkọ̀ yẹn, n kò rí omi.

Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó ni ìjókòó rẹ̀. Eku ti jẹ ẹ́. Mo sọ fún Tíṣà pé kó gbé ọkọ̀ náà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀fẹ́ ni màá rán an. Bó bá di ọjọ́ ọsíbítù, á wá gbé ọkọ̀ náà bó bá ṣe wà, á sì dá a padà lẹ́yìn náà kí n lè parí ìyókù. Ìyá Àgbà ló mú àwọ̀ awọ, ó ní aláwọ̀ ewé lòun fẹ́, nítorí pé ọkọ̀ náà ti dúró sójú kan pẹ́ jù, ó yẹ kó rí nǹkan tútù.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wá bá mi ṣeré níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́. Àwọn ike òwú mi ni ọmọ rẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ike pupa kan. Ó fi àkísà pọ̀n ọ́n, ó ń sọ fún un pé kó má sunkún, pé abẹ́rẹ́ dókítà kì í dùn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tó ń lọ sílé lọ́jọ́ kẹta, ó ní ara ọmọ òun ń gbóná, òun ò lè fi í sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin. Mo ní kó máa gbé e lọ, kó bá mi kí i tó bá jí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ọsíbítù. Òjò ti ń rọ̀ látìdájí, òjò àkọ́rọ̀ tó ń rọ̀ bí ẹni ń gbẹ̀san. Mo ti fi ìjókòó awakọ̀ àti ti ẹ̀yìn sínú ọkọ̀ náà láti àná; ìkejì iwájú ṣì wà nílẹ̀, fóòmù lásán. Ó ku kí n fi àmì sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kí n tó dè é pa. Mo ya àjákù aṣọ funfun, mo gbé e lé orúnkún. Mo kọ ọ́: *Ti Tíṣà. Ẹ̀yìn, ọwọ́ ò.* Pẹ́ńsù náà ṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ gún aṣọ náà, ó dá ihò sí i.

N kò lè sọ bí ìgbà náà ti pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé òjò ń dún lórí páànù, mo mọ̀ pé ẹnu mi ṣí sílẹ̀. Àjákù tí mo sun ni mo mú lọ́wọ́. Ihò náà wà níbi tó wà lára ti àkọ́kọ́, ó tóbi bó ṣe tóbi nígbà náà. Mo wo abẹ́ ìjókòó: kókó bàbá wa, mẹ́ta léra wọn, èmi ni mo ta wọ́n lánàá. A ò sá fún ọkọ̀ kankan. Èmi fúnra mi ni mo wá a rí, mo fa bẹ́líìtì rẹ̀, mo ní kí àbúrò mi rà á. Èyí tí a kọ́kọ́ rí lọ́dọ̀ oní-fìlà ni bí ọkọ̀ yìí kan náà ṣe máa rí tí omi bá ti ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀.

Mo mú abẹ. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ̀ tí kò ní ìjókòó kò lè gbé ọmọ aláìsàn. Mo ki abẹ bọ ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo fà á pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ó ya, ó ya, ó kọ lu irin, ó yí bìrí mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo wo ohun tí mo ṣe. Bí ìwọ̀ ẹja. Igbe ta lẹ́nu mi.

Òwú ló kù. Mo sáré kó gbogbo òwú tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, dúdú, funfun, pupa, èyí tó wà lórí ẹ̀rọ àti èyí tó wà nínú àpótí, mo dà wọ́n sínú gọ́tà tó ń ṣàn níwájú ilé. Omi gbé wọn lọ lójú mi. Mo ṣì dúró nínú òjò, mò ń mí hẹlẹ, nígbà tí Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ dé lábẹ́ agbòjò kan, ọmọ wà léjìká bàbá rẹ̀. Ojú ọmọ náà ti ń wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe èyí?" Tíṣà ti rí ìjókòó náà.

"Èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: kókó, àmì, bẹ́líìtì, òwú pupa. Mo di apá rẹ̀ mú, mò ń bẹ̀ ẹ́, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Fún ìṣẹ́jú kan mo rí i lójú Tíṣà pé ó fẹ́ gbà mí gbọ́.

"Àmì náà dà?" ó ní.

"Mo sun ún."

"Ẹ sun ún." Ó rọra yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní wáyà ló bàjẹ́. Lónìí, ẹ ní ìran lẹ rí. Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú yín?"

Mo ní kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní kò sí bọ́ọ̀sì kankan lójú ọ̀nà láti àárọ̀, nítorí òjò. Mo ní kí wọ́n dúró dọ̀la. Ó gbé ojú ọmọ náà sí mi. Ojú kejì ò là mọ́. "Bó bá pàdánù ẹ̀rọ lónìí, ṣé ẹ̀yin lẹ ó bá mi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?" Kò pariwo. Ì bá dára ká ní ó pariwo.

"Kò lè sùn sórí irin yẹn," ìyàwó rẹ̀ ní, ó ń fi ìdí aṣọ nu ojú.

Tíṣà mú abẹ́rẹ́ mi nílẹ̀. Ó wo orí ẹ̀rọ, ó wo inú àpótí. "Òwú dà?"

"Kò sí òwú," mo ní. Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Ọmọ náà gbé orí sókè léjìká bàbá rẹ̀. Ó ki ọwọ́ sínú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó yọ ike òwú pupa jáde, àkísà ṣì wà lára rẹ̀. "Bàbá Alábẹ́rẹ́, ẹ má sunkún mọ́," ó ní. "Ara ọmọ mi ti yá. Ẹ lè lò ó."

Tíṣà gbà á. Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó gbé orúnkún sínú ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rán ìjókòó náà, pẹ̀lú ọwọ́ òsì rẹ̀, kíákíá, irú ìránsọ tí bàbá wa máa ń pariwo mọ́ ọn lé lórí nígbà èwe. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo bí ìránsọ náà ṣe ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ní kí n bá wọn lọ, àmọ́ ìjókòó iwájú kejì ṣì wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀yìn sì ni ọmọ máa na ara sí, lórí itan ìyá rẹ̀. Kò sí àyè fún mi. Èmi ni n kò tíì rán an.

Mo dúró síwájú ọkọ̀ náà. Tíṣà tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó sì wò mí títí tí mo fi yẹ̀ fún un. Ìyá Àgbà ju ọwọ́ sí mi lẹ́yìn gíláàsì.

Mo pe fóònù rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, ó dún, wọn ò gbé e. Mo pè é ní agogo mọ́kànlá, kò dún mọ́. Mo mú ìjókòó iwájú yẹn, mo ń bọ fóòmù sínú awọ rẹ̀ láìní òwú tí màá fi rán an, kí ọwọ́ mi ṣáà lè máa ṣe nǹkan.

Ọ̀sán ti pọ́n, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, nígbà tí ọkọ̀ afàkọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó tutù dé àyà, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kó tó yíjú sí mi. Òun kò mọ̀ mí. Ó wo àwọn awọ tí mo fi kọ́, ó wo bébà kan tó ti rin lọ́wọ́ rẹ̀, bébà ṣọ́ọ̀bù mi tí mo kọ "Ti Tíṣà, àbúrò mi" sí, ó wá wò mí bí àlejò ṣe ń wo ẹni tí kò bá pàdé rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó ní, "ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n Tíṣà?"

Mo ní èmi ni.

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì tẹrí ba. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, bàbá," ó ní. "Ẹ kú àmúmọ́ra."

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sọ fún un pé kò sẹ́ni tó kú nílé wa.